Olórin húkọ́, elégbè jókòó: bí mẹ́gáwáàtì 1,178 iná oòrùn ṣe lọ ní Kalifóníà

Aago méjìlá ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni, ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 2016, ní gúúsù Kalifóníà. Oòrùn ti gun òkè, àwọn ibùdó iná oòrùn ńláńlá tó wà níbẹ̀ sì ń da iná sórí waya bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Kí èèyàn tó ṣẹ́jú, mẹ́gáwáàtì 1,178 ti lọ nínú iná náà. Ẹni tó bá mọ Egbin ní Ìkòròdú á mọ bí ìyẹn ṣe tó: mẹ́gáwáàtì 1,320 ni wọ́n kọ́ Egbin láti máa mú wá, ó sì wà lára àwọn ibùdó iná tó tóbi jù ní Nàìjíríà. Ẹ wò ó bí ẹni pé Egbin fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán lójijì, tí ẹnikẹ́ni ò sì fọwọ́ kan bọ́tìnnì.

Ìkùukùu kọ́ ló bo oòrùn. Pánẹ́ẹ̀lì kọ́ ló fọ́. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ibùdó mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni iná wọn ti lọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan náà, ibùdó tí wọn kì í ṣe ti olówó kan náà, tí wọn ò sì sí lójú kan. Iṣẹ́ yíyàwòrán irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe, mo sì ti ka ìròyìn ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá kà á ni mo máa ń lọ ṣí fáìlì iṣẹ́ tí mo ti parí, kí n tún wo nọ́ńbà kan tàbí méjì níbẹ̀.

Iná igbó ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Blue Cut ni wọ́n ń pe iná náà. Ó ṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì, ní Cajon Pass, àfonífojì tóóró kan tó wà láàárín òkè San Gabriel àti òkè San Bernardino. Ọ̀nà márosẹ̀ ibẹ̀ ló ń gbà kọjá, ojú irin ń gba ibẹ̀, waya iná ńláńlá náà ń gba ibẹ̀: mẹ́ta tó ń gbé kilofóltì 500, ti Southern California Edison, àti méjì tó ń gbé kilofóltì 287, ti iléeṣẹ́ omi àti iná ìlú Los Angeles. Ọ̀dá ti mú ìpínlẹ̀ náà fún ọdún bíi márùn-ún nígbà yẹn, igbó ti gbẹ bí ìkarahun. Kí wọ́n tó rí iná náà pa, ó ti jó éékà tó lé ní 36,000, èèyàn tó lé ní 80,000 ni wọ́n sì ní kí wọ́n kó kúrò nílé.

Ẹni tó bá gbọ́ báyìí á rò pé iná jó waya já. Rárá o. Waya tó ń gbé kilofóltì 500 kò wọ aṣọ kankan. Kò sí rọ́bà lára rẹ̀ bíi ti waya inú ilé. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín òun àti ìkejì rẹ̀ ni aṣọ rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi àyè ńlá sáàárín wọn. Èéfín iná igbó wá gbóná, ó kún fún eérú àti èédú kéékèèké, ó gun òkè lọ bá waya. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó dá iná dúró di afárá tí iná ń gbà kọjá. Iná fò láti ara waya kan sí òmíràn. Ẹ̀ẹ̀mẹtàlá ni èyí ṣẹlẹ̀ lórí waya Edison lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lórí ti Los Angeles. Mẹ́rin péré nínú wọn ló kan iná oòrùn. Ti 11:45 yìí ni baba wọn.

Àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ waya ò sì sùn. Wọ́n rí i, wọ́n pàṣẹ, bíréékà já, waya tó ṣe àìsàn yẹn kúrò lára èyí tó kù. Gbogbo rẹ̀ gba nǹkan bíi 42 mílísẹ́kọ́ǹdì. Mílísẹ́kọ́ǹdì kan, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló wà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí èèyàn pa ojú dé kó tún là á, 42 ti kọjá tipẹ́. Ní ti waya, iṣẹ́ ti parí. Irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí waya ti wà, àwọn ibùdó tó ń lo gáàsì tàbí omi ò sì kà á sí: irin ńlá tó ń yí nínú wọn wúwo débi pé kó tó mọ̀ pé nǹkan ṣe òun, nǹkan náà ti lọ.

Ínfátà ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Gbogbo wa la mọ ínfátà. Èyí tó wà ní pálọ̀ yín, ìgbà tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ ló ń jí: á fa iná nínú bátìrì, á dá ìgbì tirẹ̀ sílẹ̀, fáànù á máa yí lọ. Èyí tó wà nínú ibùdó ńlá kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òun kì í dá ìgbì sílẹ̀. Iná orí waya ló ń tẹ́tí sí. Á wo ibi tí ìgbì rẹ̀ ń gbà gòkè àti ibi tó ń gbà sọ̀, á wá máa ti iná oòrùn bọ̀ ọ́ ní ìbámu. Bí waya bá kú, òun náà á dákẹ́, ì báà jẹ́ pé oòrùn ń ta gan-an. (Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń bi mí pé kí ló dé tí iná fi ń lọ ní ìlú tó ní ibùdó oòrùn lẹ́yìnkùlé. Ìdí ẹ̀ nìyẹn.)

Olórin àti elégbè ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Àwọn jẹnẹrétọ̀ ńlá tí irin wọn ń yí ni olórin. Ínfátà ni elégbè. Elégbè tó mọ iṣẹ́ kì í dá orin tirẹ̀. Etí rẹ̀ ń bẹ lẹ́nu olórin. Nígbà tí iná fò láàárín waya méjì ní Cajon Pass, fóltéèjì já wálẹ̀, ìgbì náà sì fò kúrò ní ipò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ibi tó yẹ kó ti kọjá òdo, kò kọjá níbẹ̀. Olórin húkọ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n létí àwọn elégbè kan, ó dà bí ẹni pé orin ti falẹ̀.

Ìgbì iná Amẹ́ríkà ń gòkè, ó ń sọ̀ nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Tiwa nílé, nígbà 50. Iye yẹn là ń pè ní fíríkúẹ́ńsì. Bí ẹrù bá pọ̀ ju iná tó ń wọlé lọ, á máa já wálẹ̀. Àwọn ínfátà wọ̀nyí ka ìgbì tó dàrú yẹn, wọ́n ṣe ìṣirò, wọ́n ní fíríkúẹ́ńsì ti bọ́ sí 57 tàbí ó ti dín sí i, wọ́n sì já kúrò lórí waya. Nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 700 ló bá èyí lọ. Irọ́ ni wọ́n sì kà. Ibi tó kéré jù tí fíríkúẹ́ńsì dé ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ni 59.867, ìyẹn gan-an sì jẹ́ lẹ́yìn tí iná oòrùn ti lọ tán. Bó bá jẹ́ pé lóòótọ́ ló dé 57 ni, a ò ní máa sọ̀rọ̀ ínfátà. Ọ̀rọ̀ ìlú tó wà lókùnkùn là bá máa sọ.

Nọ́ńbà tí mo ní mo máa ń lọ wò nínú fáìlì mi nìyí: 10. Mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá ni àwọn ínfátà yẹn ní láti fi pinnu bí wọ́n bá ti rí 57. Ìgbì kan ṣoṣo, láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin, mílísẹ́kọ́ǹdì 16.7 ló ń gbà ní Amẹ́ríkà. Ẹ gbọ́ ohun tí ìyẹn ń sọ. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ ṣèdájọ́ bí ìgbì ṣe ń yára sí nígbà tí ìgbì kan ò tíì parí lójú rẹ̀. Ta ló ń gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ? Irin tó ń yí láti Kánádà títí dé ìpẹ̀kun Arizona ló ń gbé fíríkúẹ́ńsì yẹn. Kò sí bí gbogbo rẹ̀ ṣe lè fi ìdá kan nínú ogún falẹ̀ ní mílísẹ́kọ́ǹdì mẹ́wàá. Ẹni tó bá mọ irin mọ èyí. Ẹni tó kọ sọ́fíwíà ínfátà mọ kóòdù dáadáa.

Ẹ̀rọ tó bá sì ti já báyẹn, ìṣẹ́jú márùn-ún ni yóò jókòó kó tó tún gbìyànjú. Inú ìlànà pánẹ́ẹ̀lì orí òrùlé ni ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn ti wá, IEEE 1547 ti ọdún 2003 (IEEE ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ iná), tí wọ́n kọ fún ẹ̀rọ kéékèèké inú àdúgbò kí iná àdúgbò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí wọ́n tó padà sí i. Ó bọ́gbọ́n mu fún ilé kan. Nígbà tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gáwáàtì bá ń jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún nítorí pé ẹnìkan húkọ́, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn.

Àwọn kan ò já ní tiwọn. Wọ́n wà lórí waya, ṣùgbọ́n wọ́n pa ẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ ínfátà ìgbà náà ni wọ́n ti ṣètò pé bí fóltéèjì bá fi lè lọ sísàlẹ̀ ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kí wọ́n má ti iná kankan jáde mọ́ títí yóò fi padà bọ̀ sípò. Nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 450 ló gba ọ̀nà ibí lọ. Wọn ò pẹ́ bíi ti àkọ́kọ́, àmọ́ wọn ò sáré padà tó bí èèyàn ṣe ń retí: wọ́n ń gorí padà díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí ìgbà tí fóltéèjì bá lọ sílẹ̀ gan-an ni waya nílò ẹni tó máa tì í lẹ́yìn. Ìyókù iná tó lọ, tí kò pọ̀, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ̀nà láti pánẹ́ẹ̀lì wọ ínfátà ló já a.

Àwọn ẹ̀rọ yẹn ò bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ni wọ́n ṣe. Ta ló ní kí wọ́n ṣe é?

Ọ̀rọ̀ ìlànà kan ló wà nídìí rẹ̀. NERC, àjọ tó ń ṣọ́ ìdúróṣinṣin iná ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ní ìlànà kan tí wọ́n ń pè ní PRC-024. Àwòrán kan wà nínú rẹ̀: ìlà kan lókè, ìlà kan nísàlẹ̀. Bí fóltéèjì tàbí fíríkúẹ́ńsì bá wà láàárín ìlà méjèèjì, ibùdó iná kò gbọdọ̀ já. Ní ìta ìlà ńkọ́? Ìlànà ìgbà yẹn ní ó lè já. Àwọn tó ń ṣe ínfátà àti àwọn tó ń ya ibùdó ka ‘ó lè já’ yẹn, wọ́n sì gbọ́ ‘ó gbọ́dọ̀ já’. Wọ́n mú ìlà náà bí ó ṣe rí, wọ́n tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ: bó bá ti kan 57, já lójú ẹsẹ̀. Bí ìyá bá sọ fún ọmọ pé tí òjò bá dá o lè jáde, ṣé ó ní kí ọmọ sá jáde pẹ̀lú òkèlè lẹ́nu ni?

N kì í bá wọn wí jù, nítorí mo mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń rí. Bí wọ́n bá gbé ilẹ̀ fún ọ pé kó o ya ibùdó sí i, oṣù mélòó kan ni wàá fi máa bá ilẹ̀ náà jà: ọ̀gbàrá, yàrá láàárín ẹsẹ̀ pánẹ́ẹ̀lì, òjìji ìlà iwájú tó ń bo ìlà ẹ̀yìn, gígùn waya tó ń jẹ iná, ibi tí ínfátà yóò dúró sí kí òṣìṣẹ́ lè rí ọ̀nà dé ibẹ̀, tiransifọ́mà mélòó, kí fóltéèjì pánẹ́ẹ̀lì má ju 1,500 lọ ní òwúrọ̀ tí òtútù bá mú. Ibẹ̀ ni owó wà, ibẹ̀ ni oníbàárà ń wò. Ètò inú ínfátà, bí yóò ṣe hùwà nínú mílísẹ́kọ́ǹdì 42, ewé kan péré ni nínú ìwé tó nípọn bíi Bíbélì. Iléeṣẹ́ tó ṣe é fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú nọ́ńbà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó yàwòrán wò ó, ó rí i pé ó bá PRC-024 mu, ó fọwọ́ sí i.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà ni pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ṣáájú. Kí ibùdó kan tó gba àṣẹ láti sopọ̀ mọ́ waya ńlá, wọ́n gbọ́dọ̀ fi kọ̀ǹpútà ṣe àfiwé ìwà rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà, àwọn ibùdó wọ̀nyí kì í pa ẹnu mọ́ bí fóltéèjì bá já. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ bí ọmọlúàbí. Ìwé àfiwé ò bá ẹ̀rọ tó dúró nínú aṣálẹ̀ mu. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà sì rèé, nígbà tí wọ́n ń wá ẹ̀rí, ìwé àkọsílẹ̀ tó wọ́pọ̀ nínú ibùdó ń ka nǹkan lẹ́ẹ̀kan ní bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Kí ni ìyẹn fẹ́ rí nínú mílísẹ́kọ́ǹdì 42? Inú ínfátà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti lọ ń ṣa kóòdù àṣìṣe, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó mọ èyí tó já nítorí fíríkúẹ́ńsì àti èyí tó kàn dákẹ́.

Iná ò lọ nílé ẹnikẹ́ni nítorí mẹ́gáwáàtì 1,178 yẹn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà tóbi. Wọ́n kọ́ ọ kó lè fara da kí ẹ̀rọ núkílíà méjì ní Palo Verde, Arizona, kú lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn sì ju ìlọ́po méjì ohun tó lọ lọ́jọ́ yẹn. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta iná náà ti padà. Ohun tó dẹ́rù ba àwọn tó mọ̀ ni pé èéfín kan péré ló fà á, tí ibùdó oòrùn sì ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ní Illoulofin, nítòsí Pobè ní Bẹ̀nẹ̀, láàárín àwọn èèyàn wa tó ń sọ Yorùbá níbẹ̀, wọ́n ṣí ibùdó oòrùn mẹ́gáwáàtì 25 ní ọdún 2022. Ohun tó lọ ní Kalifóníà jẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe kéré tó ni mẹ́gáwáàtì kan ṣe ń wúwo tó, nítorí náà nọ́ńbà inú ínfátà ò di ọ̀rọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017 ni NERC gbé ìròyìn rẹ̀ jáde, wọ́n sì kọ̀wé ìkìlọ̀ sí àwọn tó ni ibùdó. Ti fíríkúẹ́ńsì ló rọrùn jù láti wò sàn: kí wọ́n fún ínfátà láyè láti gbọ́ ọ̀rọ̀ dópin kó tó dájọ́. Ó sì ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, iná igbó mìíràn tí wọ́n ń pè ní Canyon 2 tún kọ lu waya ní gúúsù Kalifóníà, kò sì sí ínfátà kan tó tún ka fíríkúẹ́ńsì ní irọ́. Síbẹ̀, nǹkan bíi mẹ́gáwáàtì 900 tún lọ. Àìsàn kejì, ti ìpanumọ́, ṣì wà lára wọn, òmíràn sì ti kún un: lẹ́yìn tí bíréékà já, fóltéèjì ta sókè fún ìṣẹ́jú bíńtín, àwọn kan rí i, wọ́n sá. NERC tún kọ ìkìlọ̀ kejì ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, pé kí àwọn tó bá lè yọ ìpanumọ́ kúrò nínú ẹ̀rọ wọn yọ ọ́. Ó di 2022 kí ìlànà tó wà fún irú ẹ̀rọ ńlá báyìí tó jáde, IEEE 2800. Ìyẹn ò jẹ́ kí ínfátà pa ẹnu mọ́ mọ́ àyàfi bí fóltéèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Ohun tí mo ti yí padà lórí tábìlì tèmi kò pọ̀. Mo máa ń bi iléeṣẹ́ ínfátà ní ìbéèrè tí wọn ò fẹ́ràn: mílísẹ́kọ́ǹdì mélòó lẹ fi ń wo ìgbì kí ẹ tó sọ pé fíríkúẹ́ńsì ti já? Bí wọ́n bá dá mi lóhùn pé ‘a bá ìlànà mu’, mo mọ̀ pé wọn ò dá mi lóhùn. Mo ń ní kí wọ́n fún mi ní ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ lè fara dà kó tó jóná, kí a fi ìyẹn ṣe ààlà jíjá, kì í ṣe ìlà inú ìwé. Mo ń ní kí àfiwé kọ̀ǹpútà wọn gbé ìgbì gan-an jáde, kóòdù kan náà tó wà nínú ẹ̀rọ, kì í ṣe èyí tó ti fi àròpin bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Mo sì ń fi ẹ̀rọ tó ń ka ìgbì ní kíákíá sí ẹnu ọ̀nà ibùdó. Owó rẹ̀ kéré sí ti pánẹ́ẹ̀lì tó máa ń fọ́ nígbà tí wọ́n bá ń já ẹrù, síbẹ̀ òun ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fẹ́ yọ bí owó bá fẹ́ kù.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, nǹkan kékeré kan bàjẹ́ ní ibùdó gáàsì kan nítòsí Odessa, ní Texas. Mẹ́gáwáàtì 1,112 iná oòrùn lọ, àwọn kan nínú rẹ̀ wà ní ibi tó jìnnà gan-an sí ibi tí nǹkan ti bàjẹ́. Wọ́n ṣèwádìí, wọ́n kọ ìròyìn, wọ́n fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2022, nǹkan tún bàjẹ́ ní ìtòsí Odessa kan náà. Mẹ́gáwáàtì 1,711 iná oòrùn ló lọ lọ́jọ́ yẹn, àwọn ibùdó kan sì wà nínú rẹ̀ tó ti wà nínú ti ọdún tó kọjá.